Káàdì ẹ̀dínwó rélùwéè fún òṣìṣẹ́: Bí oníṣòwò Ìjù Ọ̀tà ṣe lè mọ owó ọkọ̀ tó kéré jù

Ní agbègbè Ìjù Ọ̀tà àti Sángò lónìí, owó oṣù nìkan kọ́ ni ẹni tó ń wáṣẹ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Kó tó gbà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò ti fi ọkàn ṣírò owó ọkọ̀ tí yóò máa san lójoojúmọ́. Bí ìṣirò náà kò bá bára mu, ọjọ́ mélòó kan péré ni yóò lò, wọn kò sì ní rí i mọ́. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ti di ẹrù lórí òṣìṣẹ́ àti lórí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ẹni tó ní iléeṣẹ́ búrẹ́dì, ilé ìtẹ̀wé, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ike mọ̀ pé bí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni yóò fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rélùwéè fi wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń béèrè bóyá káàdì wà tí ọ̀gá lè rà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀dínwó yóò sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà wà láti ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò jèrè níbẹ̀. Owó rélùwéè tó kéré jù kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìrìnàjò tó dínwó jù. Ẹni tí kò bá ṣírò láti ẹnu ọ̀nà ilé òṣìṣẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ lè ná owó sórí káàdì kó má rí èrè kankan.

Ìjù méjì ló wà

Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Ìlà rélùwéè àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó ṣe ní ilẹ̀ Nàìjíríà, láti Ìddó sí Ọ̀tà ló lọ, nǹkan bíi kìlómítà 32, ọdún 1898 ni wọ́n sì parí rẹ̀, kó tó di pé wọ́n nà án dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin akérò ti iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba àpapọ̀ fi ń kó òṣìṣẹ́ àti ọlọ́jà láti Ìjòkó, nítòsí Sángò, lọ sí Ìddó.

Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn báyìí ni ọkọ̀ ojú irin ìlú tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń pè ní Red Line. Ọjọ́ 29, oṣù kejì, ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí i, nígbà tó sì di ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò tó ń sanwó. Nǹkan bíi kìlómítà 27 ni ìlà náà. Ó ní ibùdó mẹ́jọ: Agbádò, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin, Yábàá àti Ọyíngbò.

Orúkọ kan wà nínú àwọn ibùdó yìí tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìjù tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, Ìjù-Ìṣàgá ní ìpínlẹ̀ Èkó ni. Kì í ṣe Ìjù Ọ̀tà, tó wà ní ojú ọ̀nà Ìdíìrókò ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó wá ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní Ìjù, tó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Ìjù, ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn. Ibùdó tó wúlò jù fún ẹni tó ń bọ̀ ní Ọ̀tà ni Agbádò, lẹ́bàá ààlà Èkó àti Ògùn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ mìíràn dé Sángò, kó tó tún wọ òmíràn dé Ìjù Ọ̀tà. Ó yẹ kí oníṣòwò tó bá ń gba òṣìṣẹ́ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ ní kíkún, kó sì fi orúkọ ibùdó tí wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀ sí i.

Oríṣi káàdì ẹ̀dínwó mẹ́ta

Ní àwọn ìlú òkèèrè tí rélùwéè ti pẹ́, oríṣi mẹ́ta ni ẹ̀dínwó tí wọ́n máa ń fún òṣìṣẹ́. Ó dára kí oníṣòwò mọ ìyàtọ̀ wọn, kó lè mọ èyí tó lè fara wé.

Èkíní ni ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fúnra wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin máa ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní káàdì tí yóò fi máa wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀. Ẹni tó ni ín nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá yá káàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lò ti rúfin, ẹ̀gbọ́n náà sì lè pàdánù àǹfààní ọ̀hún.

Èkejì ni èyí tí ọ̀gá ń dá sí. Ní ilẹ̀ Brazil, òfin kan tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá, ọdún 1985 ló dá owó ìwọkọ̀ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, láti ọdún 1987 ló sì ti di dandan. Ohun tí òṣìṣẹ́ yóò san nínú owó ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 6 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ lọ, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò san ìyókù. Bí wọ́n bá fi ìlànà yẹn wo owó oṣù ₦70,000 tó di òfin ní Nàìjíríà ní oṣù keje, ọdún 2024, ₦4,200 péré ni yóò jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Nàìjíríà kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, tíkẹ́ẹ̀tì olóṣù kan tó ń gbé èrò káàkiri orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ọdún 2023 ní Yúrò 49. Iléeṣẹ́ tó bá san ó kéré tán ìdá 25 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n tún máa ń yọ ìdá 5 sí i. Nítorí náà, nígbà yẹn, òṣìṣẹ́ kò ní san ju Yúrò 34.30 lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ti gòkè láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìlànà náà yé ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ra ọjà lápapọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún kan dọ́gba pẹ̀lú ti tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́sẹ̀ 40, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Ṣùgbọ́n ta ni òṣìṣẹ́ tó ní owó odidi ọdún lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Ohun tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á yá òṣìṣẹ́ ní owó náà láìgba èlé, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀.

Ti Èkó yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Káàdì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni Cowry, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí owó ẹyọ. Káàdì kan náà ló wà fún bọ́ọ̀sì BRT, ọkọ̀ ojú irin ìlú àti ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì olóṣù: owó ni ẹni tó ni ín máa ń fi sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa yọ iye tó yẹ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọkọ̀. Ẹ̀dínwó tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún èrò láti ọdún 2023, gbogbo ènìyàn ló kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ọdún 2023, wọ́n dá owó ọkọ̀ ìjọba sí ìdajì. Nígbà tí ìlà Blue Line láti Màríńà dé Mile 2 bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún náà, ₦375 ni èrò san dípò ₦750. Ní oṣù kejì, ọdún 2024, ẹ̀dínwó tí wọ́n kéde jẹ́ ìdá 25 nínú 100.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò ni pé irú ẹ̀dínwó yìí máa ń wá, ó sì máa ń lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ lé e. Iye tí wọ́n bá kọ sí ibùdó lọ́jọ́ náà ni kó fi ṣe ìṣirò.

Ìṣirò tí kò gbọdọ̀ fò

Ká sọ pé iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan wà ní Ìjù Ọ̀tà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé Agége, ó sì ń wá síṣẹ́ ní ọjọ́ 24 lóṣù. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun ń gbé Yábàá, òun sì ń wá ní ọjọ́ 12 lóṣù. Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe owó ọkọ̀ ti lónìí. Wọ́n wà láti fi ọ̀nà ìṣirò hàn ni, kí oníṣòwò fi iye tó wà lójú títì rọ́pò wọn.

Ẹni tó ń gbé Agége kọ́kọ́ wo dánfó. Agége sí Sángò, ₦500. Sángò sí Ìjù Ọ̀tà, ₦300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦800 ní àlọ nìkan. Ní àlọ àti àbọ̀ fún ọjọ́ 24, ₦38,400 nìyẹn, èyí tó ju ìdajì owó oṣù ₦70,000 lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ₦300 kò jọ nǹkan kan láàárọ̀, àfi nígbà tí oṣù bá parí.

Bó bá ní òun fẹ́ wọ rélùwéè ńkọ́? Ọ̀kadà láti ilé dé ibùdó, ₦200. Rélùwéè láti Agége sí Agbádò, ₦300. Agbádò sí Sángò, ₦300. Sángò sí Ìjù Ọ̀tà, ₦300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,100. Bí ìjọba bá yọ ìdá 25 nínú owó rélùwéè, yóò di ₦1,025. Bí wọ́n bá dá a sí ìdajì, ₦950. Kódà bí wọ́n bá ní kó máa wọ rélùwéè lọ́fẹ̀ẹ́, bí ìjọba àpapọ̀ ti ṣe lórí ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ fún ọdún Kérésìmesì, láti ọjọ́ 21, oṣù kejìlá, ọdún 2023 títí di ọjọ́ 4, oṣù kìíní, ọdún 2024, ₦800 náà ni yóò ṣì san, ìyẹn iye tí dánfó ń gbà. Kò sí káàdì ẹ̀dínwó tó lè ran irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, torí pé ibi tó ti ń náwó kì í ṣe inú rélùwéè.

Ti onímọ̀ ẹ̀rọ yàtọ̀. Bó bá wọ dánfó, Yábàá sí Òṣòdì, ₦500. Òṣòdì sí Sángò, ₦1,000. Sángò sí Ìjù Ọ̀tà, ₦300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,800. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé ibùdó rélùwéè. Yábàá sí Agbádò, ₦800. Agbádò sí Sángò, ₦300. Sángò sí Ìjù Ọ̀tà, ₦300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,400. Ó ti jèrè ₦400 ní àlọ, ₦800 lójúmọ́, ₦9,600 fún ọjọ́ 12. Bí ẹ̀dínwó ìdá 25 bá wà, rélùwéè di ₦600, èrè oṣù rẹ̀ á sì di ₦14,400. Síbẹ̀, kí oníṣòwò kíyè sí i pé ₦200 tí wọ́n yọ nínú ₦1,400 kì í ṣe ìdá 25 mọ́. Kò ju nǹkan bí ìdá 14 lọ, torí pé ẹ̀dínwó náà kò kan ọkọ̀ tó ń ná Agbádò, Sángò àti Ìjù Ọ̀tà.

Ohun tó hàn níbí ni pé bí òṣìṣẹ́ bá ṣe jìnnà tó lójú ìlà rélùwéè, tí ilé rẹ̀ sì sún mọ́ ibùdó, bẹ́ẹ̀ ni káàdì ṣe wúlò fún un tó. Ẹni tó ń gbé nítòsí Sángò tàbí tó jẹ́ pé ọ̀kadà ni yóò gbé e dé ibùdó, kí ọ̀gá wá ọ̀nà mìíràn fún un.

Ẹ̀dínwó tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá

Ọ̀nà mìíràn náà wà ní ìpín tó kẹ́yìn, láti Sángò dé Ìjù Ọ̀tà, tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń gbà. Ká sọ pé àwọn mẹ́fà ló ń san ₦300 lọ́kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀. ₦1,800 nìyẹn. Awakọ̀ kórópe kan lè gbà láti máa kó wọn ní ₦1,200, torí pé kò ní dúró pe èrò, owó rẹ̀ sì dájú. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wá san ₦200. Ní àlọ àti àbọ̀ fún ọjọ́ 24, èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦4,800. Ẹ̀dínwó ìdá 25 lórí rélùwéè láti Agége sí Agbádò, tí wọ́n bá fi ọjọ́ 24 ṣírò rẹ̀, kò ju ₦3,600 lọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń wọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń san ohun tí kò yẹ kí wọ́n san. Iléeṣẹ́ kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta tó wà ní òpópónà kan náà sì lè pawọ́ pọ̀ háyà ọkọ̀ kan.

Fún àwọn tí rélùwéè bá bá lára mu, ọ̀gá lè ṣe bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣe. Kó ra káàdì Cowry fún òṣìṣẹ́, kó sì máa fi owó rélùwéè oṣù sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Yálà ó fi ṣe ìrànwọ́, tàbí ó yá a láìgba èlé, tàbí òun san ìdajì kí òṣìṣẹ́ san ìdajì, kí wọ́n jọ sọ ọ́ yé ara wọn. Àǹfààní kan tó wà nínú káàdì ni pé owó inú rẹ̀ kò ní di owó ọbẹ̀ tàbí owó àjọ kó tó di ìdajì oṣù. Òṣìṣẹ́ tí kò ní owó lọ́wọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù yóò ṣì lè dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n dánfó Sángò kò gba Cowry. Nítorí náà, owó ìpín tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní owó gidi.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣọ́ra

Lákọ̀ọ́kọ́, àsìkò. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kì í sì í pọ̀ bíi dánfó. Kí ọ̀gá tó ra káàdì, kó wo ìwé àsìkò tó wà ní ibùdó, kó rí i pé ọkọ̀ wà tó ń bọ̀ láti Èkó sí ìhà Agbádò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí èyí tó ń padà sì wà nígbà tí wọ́n bá parí iṣẹ́. Ẹni tó ń wọlé iṣẹ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ láti po ìyẹ̀fun lè rí i pé rélùwéè kò bá tòun mu. Yíyí àsìkò iṣẹ́ padà fún wákàtí kan péré lè yanjú rẹ̀ nígbà mìíràn.

Lẹ́ẹ̀kejì, yíyọ owó. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fi àyè gba ọ̀gá láti máa yọ owó òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú owó oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ń san gbèsè mìíràn fún iléeṣẹ́, kí ọ̀gá pa á pọ̀ mọ́ owó káàdì kó tó yọ kọ́bọ̀, kí òṣìṣẹ́ sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, àkọsílẹ̀. Kí orúkọ òṣìṣẹ́, nọ́ńbà káàdì àti iye tí wọ́n fi sínú rẹ̀ wà nínú ìwé kan. Kí wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹni tó ni káàdì náà bí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, àti ẹni tí yóò san òmíràn bó bá sọnù. Ìjà kékeré lórí káàdì lè ba ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tàbí nígbàkígbà tí owó epo tàbí ẹ̀dínwó ìjọba bá yí padà. Ọ̀nà tó dínwó lọ́dún tó kọjá lè ti di ọ̀wọ́n.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni gbogbo èyí. Kí oníṣòwò pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ibi tó ń gbé, gbogbo ọkọ̀ tó ń wọ̀ àti iye tó ń san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, yóò hàn kedere ẹni tí káàdì rélùwéè yẹ, àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ háyà kórópe, àti ẹni tí àfikún owó díẹ̀ yóò tó fún. Ọ̀gá tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè rí i pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tàbí márùn-ún náírà lóṣù ló fi dá òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dúró, ìyẹn ẹni tí ìbá ti wá ibòmíràn lọ.